Ariwo Ẹ́ńjìnnì Kọ́ Ni Eré

Ìbéèrè kan ń bẹ tí àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ọkọ̀ ní Ìkòròdú kì í yé bi mí, láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé mò ń fi Honda Civic mi sáré láàrin kóònù: "Ẹ̀gbọ́n, káàmù wo ni kí n rà?" Wọn kì í bèèrè táyà, wọn kì í bèèrè bíréèkì. Káàmù ṣáá ni, ìyẹn kámúṣáfútì, irin tó ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde. Wọ́n ti rí fídíò ọkọ̀ kan tó dúró sójú kan tó ń gbọ̀n rìrì, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń dún gbùdù-gbudu-gbùdù, ọkàn wọn sì ti lọ síbẹ̀. Ohùn yẹn dùn létí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Èkó náà la máa ń sọ pé ariwo kọ́ ni music. Bí owó ọwọ́ rẹ ò bá tó nǹkan, tó sì jẹ́ pé inú kóònù lo ti fẹ́ sáré, káàmù ńlá ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí wàá náwó lé. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà, orí ẹ́ńjìnnì tí àwọn fáàfù wà nínú rẹ̀, èyí tó ti wà lórí ẹ́ńjìnnì rẹ tẹ́lẹ̀, ni kí o kọ́kọ́ tú wò.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: autocross ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á to kóònù sórí ilẹ̀ gbalasa, ọ̀nà á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì, ọkọ̀ kan ṣoṣo á wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ka àkókò rẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń lé ẹnì kan. Aago lò ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944 ló ń ṣètò èyí tó lókìkí jù níbẹ̀, Solo lorúkọ rẹ̀, bí o bá sì kọ lu kóònù kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni wọ́n á fi kún àkókò rẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, eré kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Jíà kejì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké máa ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Tiwa ní Ìkòròdú kò lórúkọ, kò sì ní ife ẹ̀yẹ. Ọgbà ilé-iṣẹ́ kan ni, lọ́nà Odogunyan, tí wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa tipẹ́. Ẹni tó ni ín gbà pé ká máa wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ká ṣáà má fọ́ nǹkan kan, ká sì fún mẹ́gàádì ní owó ọbẹ̀. Kóònù gidi tó wà lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Ike ọ̀dà tí a rọ iyanrìn sí ló pọ̀ jù. Ike ọ̀dà kò mọ̀ pé eré ìdárayá là ń ṣe o. Bí o bá gbá a, bọ́ńpà rẹ á sọ fún ọ. Ẹnì kan á di fóònù mú lẹ́bàá ilà, á máa pariwo àkókò, a ó sì máa jiyàn nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Civic mi, ti 1998 ni, jíà ọlọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì D16Y7 ló wà nínú rẹ̀: lítà 1.6, fáàfù mẹ́rìndínlógún, kámúṣáfútì kan ṣoṣo lórí, kò sí VTEC (ètò Honda tó ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà). Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, agbára ẹṣin 106 ni ilé-iṣẹ́ kọ fún un ní 6,200 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ibi tí ipá yíyí rẹ̀ (torque) ti ga jù sì ni 4,600 RPM. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí ìṣirò tó tẹ̀lé e ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Jíà kejì ọkọ̀ mi jẹ́ 1.782, ti ìparí tó ń yí ẹsẹ̀ jẹ́ 3.722. Tí a bá fi méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀, kúráńkì, irin tí písítọ́ọ̀nù ń yí, ní láti yí nǹkan bí ìgbà 6.6 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà 185/65R14 tí mo ń lò máa ń gba nǹkan bíi mítà 1.87 ní ilẹ̀ bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ó já sí pé nígbà tí mo bá ń yí kọ́nà tó há ní kìlómítà 40 ní wákàtí, 2,400 RPM péré ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí mo bá na ọkọ̀ dé 70, ó di 4,100. Kí n tó rí 6,000, mo ní láti súnmọ́ 100, ọgbà wa ò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ògiri ló kàn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ní káàmù tó máa jí ní 5,500 RPM, mo máa ń bi í léèrè ibi tí mo ti fẹ́ lò ó. Lórí Long Bridge ni? Àwọn agbófinró ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí káàmù ń ṣe gan-an. Kámúṣáfútì ń yí ní ìdajì ìyára kúráńkì, èékánná tó yọ lára rẹ̀ ló ń tẹ fáàfù sílẹ̀ kó lè ṣí. Ní 6,000 RPM, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí ó ń padé nígbà àádọ́ta láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun mẹ́ta ló ń ya káàmù kan sọ́tọ̀ sí òmíràn: bí ó ṣe ń ṣí fáàfù jìnnà tó, bí ó ṣe ń jẹ́ kó wà ní ṣíṣí pẹ́ tó, àti ìgbà tí fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń tú èéfín jáde fi jọ wà ní ṣíṣí pa pọ̀. Àwọn tó ń ta káàmù ńlá, èkíní ni wọ́n máa ń sọ. Èkejì àti ẹ̀kẹta ló ń jà ọ́ lólè nínú kọ́nà.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì BRT ní ìdíkọ̀ Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èrò ń rọ́ wọlé, bí awakọ̀ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i, èrò púpọ̀ sí i ló máa wọlé, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí èrò ò sí, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ti wọlé lè rántí nǹkan kó sọ̀ kalẹ̀ padà. Afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Ní RPM gíga, afẹ́fẹ́ ń sáré, ó ń ti ara rẹ̀ wọlé bí písítọ́ọ̀nù tilẹ̀ ti ń gòkè bọ̀, káàmù tó pẹ́ kó tó pa fáàfù dé á sì jẹ́ kí sìlíńdà kún sí i. Ní 2,400, afẹ́fẹ́ ò ní ipá yẹn. Písítọ́ọ̀nù á gòkè, á ti apá kan nínú ohun tó ti wọlé padà síta kí fáàfù tó padé. O tẹ iná, ọkọ̀ ń ro ó wò. Ìgbà tó bá fi máa dáhùn, kọ́nà ti kọjá, òmíràn ti dé.

Kò tán síbẹ̀. Gbùdù-gbudu tí etí ń jẹ̀gbádùn yẹn, àmì ni pé ẹ́ńjìnnì ò lè fa afẹ́fẹ́ dáadáa nígbà tó bá dúró sójú kan. Ọkọ̀ tèmi, ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ (vacuum) tó wà nínú mánífóòdù, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ń kà kó tó mọ iye epo tó máa fọ́n. Bí ìfàmọ́ra yẹn bá ti ń ṣe ségesège, brain box á máa méfò. Búsítà bíréèkì náà, ìfàmọ́ra kan náà ló ń lò. Bí kò bá tó, ẹsẹ̀ rẹ á wúwo lórí bíréèkì, nínú eré tó jẹ́ pé bíréèkì ni ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá tún wá ra sípíríǹgì fáàfù tó le, torí èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn lè má lè tẹ̀lé èékánná gíga. Ẹ́ńjìnnì D16 kì í sì í dárí ji ẹnikẹ́ni: bí fáàfù bá pẹ́ níta tàbí tí timing belt, bẹ́líìtì tí kúráńkì fi ń yí kámúṣáfútì, bá já, písítọ́ọ̀nù á bá fáàfù ní ojú ọ̀nà, á sì tẹ̀ ẹ́. Ní Solo ti Amẹ́ríkà pàápàá, ẹni tó bá yí káàmù padà ti kúrò ní ìsọ̀rí Street nìyẹn, àárín àwọn tó ti tú ọkọ̀ wọn tò ni wọ́n á gbé e lọ. Owó ló ná, àwọn olówó ló wá ń bá figagbága.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pẹ̀lú ọ̀gá mẹkáníìkì mi lọ́jọ́ tó sọ pé kí n gbàgbé káàmù, ká wọn ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ ná. Ọ̀gá yìí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lápá Agric, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí gééjì tó ń wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n tẹ iná dé ìsàlẹ̀ kí n sì máa ṣí kọ́kọ́rọ́. Sìlíńdà kìíní, kejì àti kẹrin ń ka nǹkan bí 170 PSI. Ẹ̀kẹta ka 125. Ìwé Honda sọ pé 135 ló gbọ́dọ̀ kéré jù, ìyàtọ̀ láàrin èyí tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò sì gbọdọ̀ ju 28 lọ. Ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ẹ̀kẹta, a tún un wọ̀n. Nọ́ńbà náà ò gbéra.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Ọ̀gá wí. "Bó bá jẹ́ ríǹgì písítọ́ọ̀nù ni, ọ́ìlì á dí i, gééjì á gòkè. Fáàfù ló ń jò."

Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa. Mò ń wá agbára ẹṣin mẹ́wàá kún tí mo ní, bẹ́ẹ̀ sìlíńdà kan nínú mẹ́rin ò tíì mú tirẹ̀ wá pé. Ọkọ̀ tokunbo ni, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní òkè òkun ò sí níbí ká bi í. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ láti Ketu dé Ogolonto, pẹ̀lú fáànù rédíétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, á sì ti ṣe ìyókù. Alumíníọ́ọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà yìí, irin ni bóòtì tó dì í mú. Bí ooru bá mú un ju bó ṣe yẹ lọ, á wọ́, kò sì ní padà sípò fúnra rẹ̀.

A tú u. Bàbá kan wà lójú ọ̀nà Ṣágámù tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń skim, ìyẹn kí wọ́n gé ojú tọ́ọ̀pù tó wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè tẹ́jú. Ẹni tó bá gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ síbẹ̀ máa ń bá ti danfo, ti mọ́tò akẹ́rù, ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ de ìgbà tiwọn. Bàbá kì í fojú wọn nǹkan. Ó fi irin gígùn tó tẹ́jú dọ́gba lé ojú tọ́ọ̀pù náà, ní gígùn, ní ìbú, láti igun dé igun, ó ń ki irin pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín kọjá lábẹ́ rẹ̀. Honda sọ pé bí wíwọ́ bá kéré sí mìlímítà 0.05, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Láti 0.05 dé 0.2, kí a skim rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ju 0.2 náà lọ ní gígé, nínú gíga 93.0 tó bá wáyé. Tèmi ka 0.08 láàrin sìlíńdà kejì àti ẹ̀kẹta.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé tirẹ̀ wá dá sí i pé kí Bàbá gé ti èmi wọnú dáadáa, pé bí ó bá ti fẹ́lẹ́ tó ni kọmpúréṣàn (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kó tó jó) á ṣe ga tó, agbára á pọ̀.

Bàbá ò tilẹ̀ wò ó. "Ọmọ mi, ṣé epo tí wọ́n ń tà ní filling station ló fẹ́ rà àbí ti bàálù?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí kọmpúréṣàn bá ga jù fún epo tó wà, ẹ́ńjìnnì á máa kan ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nígbà tó bá rù, ìkàn yẹn ló ń jẹ orí písítọ́ọ̀nù. Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Bí tọ́ọ̀pù bá ti rẹlẹ̀ sí i, kámúṣáfútì ti súnmọ́ kúráńkì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ timing belt ò kúrú, kámúṣáfútì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn díẹ̀. Káàmù tó pẹ́ lẹ́yìn ń gbé agbára lọ sókè, sí RPM tí mi ò lò. Bàbá gé kìkì ìwọ̀n tó mú un tẹ́jú, ó fi ọwọ́ nu ún, ó ní kí n wo ojú rẹ̀ sí oòrùn. Ilà kan náà ló wà lára rẹ̀ láti òpin dé òpin.

Ìjókòó fáàfù ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó kékeré ti ń ra nǹkan ńlá. Ojú tí fáàfù fi ń jókòó jẹ́ digírì 45. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á tún gé 30 sí òkè rẹ̀ àti 60 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ojú tó ń fara kan fáàfù lè ku nǹkan bíi mìlímítà kan péré fún èyí tó ń fa afẹ́fẹ́, kó fẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ti èéfín, torí ibi tí fáàfù èéfín ti ń bọ́ ooru rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Bí igun wọ̀nyí ṣe tẹ̀lé ara wọn, afẹ́fẹ́ á rọra yí gba etí fáàfù kọjá, kò ní máa forí sọ ibi tó mú. Nígbà tí fáàfù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, tàbí tó kù díẹ̀ kó padé, orí mìlímítà kan yìí ni gbogbo afẹ́fẹ́ ń gbà. Káàmù tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ mi kì í ṣí fáàfù jìnnà, nítorí náà ìjókòó tó dára ń ṣe é lóore ju ihò tó fẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí Bàbá gé ìjókòó tán, Ọ̀gá gbé iṣẹ́ lílọ fáàfù fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí n bá a lọ díẹ̀ nínú wọn. Wàá fi ìka tọ́ grinding paste sí etí fáàfù, èyí tó ní èérún bí iyanrìn ná. Wàá fi ọ̀pá tó ní rọ́bà lẹ́nu lẹ̀ mọ́ orí fáàfù, wàá gbá ọ̀pá náà sáàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wàá máa fi í yí síwá sẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń dún ṣákaṣàka, o ń gbọ́ ọ nínú egungun ọwọ́. Díẹ̀díẹ̀, ohùn náà á máa rọ̀. Nígbà tó bá di ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀, tí kò já mọ́, kí o gbé e sókè, nù ún, yí i sí ibòmíràn, kó o tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú paste tó kúnná. Ohun tó yẹ kó rí ní ìkẹyìn ni òrùka eérú kan tó yí etí fáàfù po, tí kò sí ibi tó já, tí kò sí ibi tó dúdú. Fáàfù èéfín kan ní sìlíńdà kẹta ní ibi dúdú tó tó ìdajì èékánná ọwọ́. Ibẹ̀ ni 45 tó sọnù nínú gééjì ń gbà jáde. Ó ti jóná kọjá lílọ̀. Òmíràn la rà fún un ní Owódé Onírin, a fi káálípà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kí a tó sanwó, bí ọlọ́jà tilẹ̀ ń kùn pé a ń fi àkókò òun ṣòfò.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jókòó, Ọ̀gá dojú tọ́ọ̀pù náà sókè, ó da epo sínú ihò kọ̀ọ̀kan tí iná ti ń jó lórí fáàfù, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, epo ò tíì sẹ̀ láti ibì kankan. Ó mi orí. Ìyìn tí ọkùnrin yẹn mọ̀ nìyẹn.

Ti ihò afẹ́fẹ́, ohun tí mo ní í sọ ò pọ̀. Àwọn kan á fi gíráńdà gbẹ́ ihò náà títí á fi fẹ̀ tí á sì dán bíi dígí. Ẹ má ṣe é. Ihò tó fẹ̀ jù ń mú afẹ́fẹ́ falẹ̀ ní RPM kékeré, a sì ti mọ ibi tí RPM wa wà. Mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe ìwọ̀n, mo yọ ibi tí mánífóòdù àti tọ́ọ̀pù ò ti bára mu, mo yọ etí kan tó yọ lábẹ́ ìjókòó láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, mo dúró síbẹ̀.

Ẹnì kan á ní, tọ́ọ̀pù VTEC ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. D16Y8, ẹ̀gbọ́n tèmi, ní agbára ẹṣin 127 ní 6,600 RPM, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé sì ti gbé tọ́ọ̀pù oní-VTEC lé ìdí ẹ́ńjìnnì tí kò ní in. Honda ti gbé VTEC jáde láti 1989: èékánná oríṣi méjì lórí káàmù kan, kékeré fún ìsàlẹ̀, ńlá fún òkè, ipá ọ́ìlì á ti ṣéńṣéń irin kan wọlé láti so wọ́n pọ̀ nígbà tí RPM bá tó. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí ó ń fún ọ ní káàmù ńlá láì gba kékeré lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipá wọn: 103 lb-ft ni tèmi, 107 ni ti Y8. Ìyàtọ̀ tó hàn wà lókè pátápátá, ibi tí ọgbà Odogunyan ò gbé ẹnikẹ́ni dé. Kún un ni brain box tó mọ VTEC, wáyà, sólẹ́nọ́ìdì, àti tokunbo tó jẹ́ pé ìwọ náà á tún gbé e lọ bá Bàbá kó wọn wíwọ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n pe ọ̀kan fún mi ní Ládípọ̀ ra táyà mẹ́rin tuntun, ṣéńjì sì kù. Ẹni tó ń ná Ṣágámù–Benin lálaalẹ́ lè rà á. Èmi ò rà á.

Dídì í padà ni apá kan tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti Ọ̀gá, ìjà tìfẹ́tìfẹ́. Ọwọ́ ni Ọ̀gá máa ń fi mọ bí bóòtì ṣe le tó, ọdún tó ti ń ṣe é ò kéré, mi ò sì fẹ́ fi ìwé bú u. Ṣùgbọ́n Honda to ọ̀nà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kí o bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí o máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, 20 Nm fún gbogbo wọn ná, lẹ́yìn náà 49, lẹ́yìn náà 67, lẹ́yìn náà kí o tún yẹ 67 wò. Mo yá sípánà oníwọ̀n lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ iná ní Ẹ̀gbin.

"Ẹ máa tẹ́tí sí i, Ọ̀gá, ó máa dún kọ́."

"Èmi náà máa ń dún kọ́ níbi eegun ẹ̀yìn," ló fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó gba sípánà náà, ó sì lò ó tán.

Àlàfo fáàfù ló kàn: láti 0.18 dé 0.22 fún ìwọlé, 0.23 dé 0.27 fún èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ìwé ní tútù túmọ̀ sí pé kó má tó digírì 38. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò tíì jókòó sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù ní Agric nínú oṣù kẹta rí. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la ṣe é. Àlàfo yìí kì í ná ẹnikẹ́ni ju agbára ọwọ́ lọ, síbẹ̀ bó bá fún jù, fáàfù ò ní padé tán, òun náà ló ń jó fáàfù èéfín. Mo fura pé bí ti sìlíńdà kẹta ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti rìn díẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ìyàtọ̀ láàrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tó mẹ́wàá. Nínú kóònù, ohun tó yàtọ̀ kì í ṣe ariwo. Ọkọ̀ dákẹ́ sí i pàápàá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bí mo bá tẹ iná lẹ́nu kọ́nà, á dáhùn lójú ẹsẹ̀, kò ní máa ro ó wò kó tó gbà. Lójú ọ̀nà tí a máa ń tò jù, tó ní kọ́nà kan tó ká padà bíi píìnì irun lẹ́yìn ilé mẹ́gàádì, mo ń gbà jáde nísinsìnyí kí onífóònù tó ronú pé mo ti débẹ̀, àkókò mi sì ti fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan dínkù. Àwọn tó wà níbẹ̀ bi mí bóyá mo ti ki káàmù bọ̀ ọ́.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ̀rọ̀ owó, nítorí òun ló bí gbogbo èyí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí lítà kan ní Èkó sì fò láti nǹkan bíi ₦185 sí ₦488 láàrin ọjọ́ mélòó kan, tí náírà náà tún já ní oṣù tó tẹ̀lé e, ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wọlé ti di ohun tí èèyàn ń sùn lé lórí kó tó rà. Káàmù tuntun ti òkè òkun wà lára wọn. Skim, ìjókòó, lílọ̀, wọn ò wá láti òkè òkun. Ọwọ́ Bàbá àti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é, náírà ni wọ́n ń gbà. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni mi ò bá ẹnikẹ́ni ná mọ́lẹ̀, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹni tó bá fi ayédèrú dí tọ́ọ̀pù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ skim, á tún padà wá skim.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mò ń yán hànhàn fún lórí ẹ́ńjìnnì yìí ni jíà káàmù tó ṣeé yí, èyí tí wàá lè fi sún kámúṣáfútì síwájú ní digírì kan tàbí méjì. Yóò dá ohun tí skim yẹn mú falẹ̀ padà, bí a bá sì fi díẹ̀ kún un, á tún gbé ipá wá sí ìsàlẹ̀, sí ibi tí mo ń gbé. Mo ti rí ọ̀kan tó dára lọ́wọ́ ẹnì kan ní Igbogbo. Ọ̀gá ní òun ò ní tú timing belt tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tò nítorí digírì méjì, pé kí n kọ́kọ́ lọ ra búṣì ẹsẹ̀ iwájú, ó ti ń dún láti ọjọ́ yìí, ṣé n ò gbọ́ ni?